Ìtàn Ìgbésí Ayé Michael Imoudu, Òṣìṣẹ́ Rélùwéè tí ó di Olórí Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà

Nínú ìtàn tí a ó sọ fún yín ní ọdún yìí, a ti yan ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n tí ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bí ènìyàn bá gba Ọ̀wọ̀ kọjá lọ sí Ifọ́n, tí ó sì tẹ̀ síwájú ní ọ̀nà Benin, agbègbè Sabongida-Ora ni yóò kàn. Ibẹ̀ ni a ti bí Michael Imoudu. Títí di ọdún 1963 tí a dá Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni àwa àti àwọn ará Ora wà.

Ìtàn àwọn ọba, ti àwọn jagunjagun àti ti àwọn lọ́yà ni a sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ti ẹni tí ó ń fi agbára apá rẹ̀ jẹun kì í pọ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn baba wa tí wọ́n fi oko sílẹ̀ lọ sí Èkó, kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n lọ ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n lọ ṣe, ní èbúté, ní P.W.D., ní ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò àti ní Rélùwéè. Ìtàn Imoudu jẹ́ ìtàn irú wọn.

Ìdí mìíràn sì tún wà tí a fi yàn án. Ìbéèrè kan wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí tí ó kan ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ tí ènìyàn bá dá sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Kí ni ó fà á tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi tẹ̀lé e nígbà tí ó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀lé e nígbà tí ó ní kí wọ́n dìbò? Kí òǹkàwé wa fi ìbéèrè yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn náà lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbésí Ayé Rẹ̀

Ọdún 1902 ni a bí i. Iṣẹ́ sójà ni baba rẹ̀ ṣe. Kí Imoudu tó di géńdé, baba àti ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì di ọmọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan. Ìbátan tí ó gbà á sọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ Rélùwéè, ẹni tí iṣẹ́ máa ń ṣí láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Imoudu jẹ́ nínú ilé náà: òun ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń dáná, ó sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ káàkiri. Ohun tí ó bà á nínú jẹ́ nígbà náà ni ó wá wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ èdè àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì mọ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti ń gbé. Ìlọkúrò-ìlọbọ̀ yìí kò jẹ́ kí ó tètè parí ìwé. Ó ti lé ní ẹni 20 ọdún dáadáa kí ó tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní Agbor, ní ọdún 1927.

Ní ọdún 1928 ó gba Èkó lọ. Ó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ díẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ń mójú tó wáyà tẹlifóònù. Ní ọdún 1929 ó wọ iṣẹ́ Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ní àgbàlá ńlá tí àwọn ará Èkó ń pè ní Lóko.

Òṣìṣẹ́ Lóko

Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó ti wọ Ìbàdàn, nígbà tí ó sì fi máa di àkókò tí a ń wí yìí, ó ti dé Kano. Irin gbogbo tí ó bá jẹ, ẹ̀rọ gbogbo tí ó bá dákú, Lóko ni a ń gbé e wá. Iṣẹ́ tí Imoudu kọ́ níbẹ̀ ni iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. A ó fi irin sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń yí bírí, a ó sì máa fi abẹ irin mìíràn gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n tí a fẹ́. Iṣẹ́ tí ó gba ojú, tí ó gba ọwọ́, tí ó sì gba sùúrù ni. Bí irin kan bá fi díẹ̀ tóbi jù, kò ní wọ ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀. Bí ó bá sì fi díẹ̀ kéré jù, a ti ba irin òyìnbó jẹ́, ẹni tí ó bà á jẹ́ yóò sì gbọ́ èébú.

Kò pẹ́ tí Imoudu wọ iṣẹ́ ni ọjà gbogbo ayé wó lulẹ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti ń ṣe oko kòkó nígbà náà kò lè gbàgbé bí kòkó ti di ohun tí a kò rí ẹni rà. Nígbà tí kòkó, ẹ̀pà àti èkùrọ́ kò lówó lórí mọ́, ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin ń kó dín kù, àwọn aláṣẹ Rélùwéè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó. Ara àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn tí ó kù, wọ́n sọ owó iṣẹ́ wọn di ti wákàtí dípò ti ọjọ́. Ẹni tí ó bá jí wá sí Lóko ní òwúrọ̀, tí wọn kò bá fún un ní iṣẹ́ títí di ọ̀sán, òfo ni ó gbà fún òwúrọ̀ náà.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè ti wà ṣáájú àkókò yìí, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé ni wọ́n ń darí rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ àti ìwé kíkọ ni wọ́n sì mọ̀. Àwọn ọlọ́wọ́ iṣẹ́ rí i pé àìsàn tiwọn yàtọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí à ń pè ní Railway Workers' Union. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀. Imoudu sì di ààrẹ rẹ̀. Òun kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí òkè òkun rí. Èrò ọkàn àwọn tí wọ́n yàn án ni pé ẹni tí ìyà ń jẹ ni ó mọ bí ìyà ti rí lára.

Ìrìn Ọjọ́ Kan ní Ọdún 1941

Ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939. Ọjà wọ́n gógó, aṣọ wọ́n, iyọ̀ wọ́n, owó iṣẹ́ sì dúró sí ibi tí ó wà. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, ìjà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Lóko àti àwọn aláṣẹ wọn le dé ibi pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sóde. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní àtẹ̀yìnwá, àwọn òṣìṣẹ́ a fọ́nká lọ sí ilé, ebi a sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí Imoudu kò jẹ́ kí wọ́n fọ́nká. Ó ṣíwájú wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gba orí afárá Carter kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kọrí sí ilé Gómìnà ní Marina. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò ogun ni, ìgbà tí ìjọba kò fẹ́ rí kí ènìyàn mẹ́wàá péjọ. Gómìnà Bernard Bourdillon gbà láti gbọ́ ẹnu àwọn aṣojú wọn.

Ìrìn yìí yí nǹkan padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù rí i pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n para pọ̀ láti béèrè owó àfikún nítorí ọ̀wọ́n ọjà, èyí tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí kóólà, ìjọba sì fún wọn ní díẹ̀ ní ọdún 1942.

Auchi

Ìjọba kò gbàgbé ẹni tí ó ṣíwájú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, a lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Rélùwéè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a fi òfin ìgbà ogun mú un, tí a sì lé e kúrò ní Èkó lọ sí agbègbè Benin. Auchi ni a fi í sí, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. A kò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí òfin ogun kò béèrè bẹ́ẹ̀. Èrò ìjọba ni pé bí a bá mú orí kúrò, ara yóò dákẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ọdún méjì tí ó fi wà ní Auchi ni ìyà túbọ̀ pọ̀ sí i ní Èkó. Ìjọba fi iye tí a gbọ́dọ̀ ta gàrí àti oúnjẹ lé àwọn oníṣòwò lórí, nínú ètò tí a ń fi orúkọ Pullen, òyìnbó tí ó ń bójú tó o, pè. Oúnjẹ pòórá kúrò lójú ọjà, àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó lábẹ́ Alimotu Pelewura sì kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí a sì fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó àfikún fún ẹbí wọn, tí a kò fún àwọn ènìyàn dúdú, ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo ilé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dárúkọ ẹni tí ó wà ní Auchi.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ Ọdún 1945

A dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, ní kété tí ogun parí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí ó padà wọ Èkó ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó jáde lọ pàdé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti kọ ìwé sí ìjọba tẹ́lẹ̀ pé kí a fi ìdajì kún owó kóólà, kí owó iṣẹ́ ẹni tí ó kéré jù má sì dín ní ṣílè 2 àti sísì ní ọjọ́ kan. Ìjọba ní kò sí owó. Àwọn kan nínú àwọn olórí òṣìṣẹ́ fẹ́ kí a sún ọjọ́ síwájú. Imoudu àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò gbà.

Ní òru ọjọ́ 21 mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn, wáyà kò dún, lẹ́tà kò lọ. Ẹgbẹ́ 17 ni ó para pọ̀ ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún 30 ó lé. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet nítorí ohun tí wọ́n ń kọ. Síbẹ̀, ó lé ní 40 ọjọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó padà. Ẹ rántí pé kò sí owó oṣù fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́jà, àwọn onílé àti àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ gbé wọn ró. Ìyàwó tí ó lọ ra gàrí láwìn, onílé tí kò béèrè owó yàrá, wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ja ìjà náà.

Ìjọba wá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Tudor Davies tí ó ti ìlú òyìnbó wá, ìgbìmọ̀ náà sì dámọ̀ràn ní ọdún 1946 pé kí a fi ìdajì kún owó kóólà. Ohun tí a ní kò sí ti wá wà. Eré Hubert Ogunde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strike and Hunger jáde ní ọdún 1945 náà, ó sì gbé ìṣẹ̀lẹ̀ yìí dé ibi tí ìwé ìròyìn kò lè dé.

Ó Wọ Òṣèlú

Láti ìgbà náà ni àwọn òṣèlú ti mọ̀ pé ẹni tí ó ní Imoudu ní àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1946 ó bá Herbert Macaulay, Nnamdi Azikiwe àti àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ N.C.N.C. rìnrìn àjò káàkiri Nàìjíríà láti tako ìwé òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Richards gbé wá. Nínú ìrìn àjò náà ni àìsàn dá Macaulay dúró ní Kano. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley ní Enugu, ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tún pa ohùn pọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ìtàn. Ibi tí ọwọ́ Imoudu ti le nínú ìjà, ibẹ̀ ni kò ti le nínú ìkójọpọ̀. Ní ọdún 1950 ó jẹ́ ààrẹ Nigerian Labour Congress, pẹ̀lú Nduka Eze gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ẹgbẹ́ náà túká lẹ́yìn ìdáṣẹ́sílẹ̀ kan tí kò yọrí. Ní ọdún 1953 ó jẹ́ ààrẹ àpapọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1959 ó tún di ààrẹ nígbà tí a so gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀ ní Enugu. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ìyẹn náà pín. Ní ọdún 1962 a pàdé ní Ìbàdàn láti tún un ṣe. Ohun tí ó tú wọn ká níbẹ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́ rárá. Ìjà lórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé ni: ṣé èyí tí ó wà ní Brussels, tí ó bá Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì dọ́rẹ̀ẹ́, ni a ó bá ṣe, tàbí èyí tí ó wà ní Prague, tí ó bá Rọ́ṣíà ṣe, tàbí a kò ní bá èyíkéyìí ṣe? Àwọn tí ó fẹ́ Brussels borí nínú ìbò, Imoudu àti àwọn tirẹ̀ sì jáde. Ìjà erin méjì ní òkèèrè, koríko tí ó wà ní Ìbàdàn ni ó fara gbá a.

Ọdún 1964: Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kejìlá

Ọdún 1964 ni ìbéèrè wa ti hàn gbangba jù lọ. Ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Adeyinka Morgan láti wádìí owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tètè gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti ọdún méjì sẹ́yìn gbàgbé ìjà, wọ́n jókòó sí ibi kan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà wọ́n sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti Èkó dé Kano. Ọjọ́ 13 ni ó gbà. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà yòókù jọ dúró, ìjọba sì gbà láti bá wọn dúnàá-dúrà.

Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ dé. Imoudu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, Nigerian Labour Party, èrò wọn sì ni pé àwọn tí wọ́n jọ rìn ní oṣù kẹfà yóò jọ dìbò. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn dìbò fún ẹgbẹ́ ilé rẹ̀, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn fún tirẹ̀, ọmọ Òkè Ọya fún tirẹ̀.

Àwa ará agbègbè Ọ̀wọ̀ kò ní fi èyí ya ẹnu, nítorí ìlú Ọ̀wọ̀ gan-an ni a ti fi ẹgbẹ́ Action Group lọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1951. A mọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń wọ inú agboolé. Òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè bá òun gba ṣílè kan sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé omi ẹ̀rọ dé ìlú òun? Ta ni yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn àbúrò òun? Lójú rẹ̀, ẹgbẹ́ ilé ni. Kì í ṣe òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ilé méjì ni ó ní, ìlẹ̀kùn méjì ni ó sì ń kàn. Imoudu mọ ohùn tí a fi ń pè é ní ẹnu ọ̀nà Lóko. Kò rí ohùn tí a ó fi pè é ní ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1977 ìjọba ológun fi òfin ka Imoudu àti àwọn olórí òṣìṣẹ́ mìíràn léèwọ̀ nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Kò lọ jókòó sílé. Nígbà tí a gba òṣèlú láàyè, ó dara pọ̀ mọ́ P.R.P. ti Aminu Kano, ẹgbẹ́ tí ó gba ìjọba Kano àti Kaduna ní ọdún 1979, ọdún náà tí Adekunle Ajasin, ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà Oǹdó. Ìyapa tún dé. Àwọn gómìnà méjèèjì, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa, wà ní apá kan tí Imoudu ṣe olórí rẹ̀, Aminu Kano sì wà ní apá kejì. Apá ti Aminu Kano ni àjọ ìdìbò mọ̀.

Ìjọba tí ó fi òfin dè é ni ìjọba mìíràn tẹ̀ lé láti bu ọlá fún un: a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Ìlọrin, Michael Imoudu National Institute for Labour Studies. Ó kú ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni 100 ọdún. Kò fi ilé àwòṣífìlà sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó là kò padà di igbó. Adams Oshiomhole, ọmọ Iyamho nítòsí Auchi tí a fi Imoudu sí nígbà ogun, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kaduna, ó ṣe ààrẹ Nigeria Labour Congress láti 1999 di 2007, ó sì di gómìnà Edo ní ọdún 2008. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, àsíá Labour Party ni Olusegun Mimiko fi di gómìnà ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n dókítà ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ, ó sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2014. Orúkọ òṣìṣẹ́ lára àsíá jẹ́ ohun kan. Òṣìṣẹ́ tí ó di àsíá náà mú jẹ́ ohun mìíràn.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro ni ó so àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ Imoudu. Nígbà tí ìṣòro bá dé, olúkúlùkù mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, wọn a sì jọ dìde. Nígbà tí ó bá kan yíyan olórí àti pípín agbára, olúkúlùkù a rántí agboolé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹgbẹ́ wa kò ní sọ pé a kò rí irú rẹ̀ láàárín wa. Bí iji bá ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́, owó a máa wọlé láti ilé àti láti ìdálẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ ìyànsípò, ọ̀rọ̀ a di ti àdúgbò sí àdúgbò.

Imoudu kò rí ojútùú rẹ̀ títí ó fi kú, a kò sì ní dá a lẹ́bi, nítorí pé àwa náà kò tíì rí i. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn wá tí ó dájú. Ní ọdún 1941, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí a tì sóde àti àwọn tí Gómìnà gbọ́ ẹnu wọn kò ju pé wọn kò fọ́nká lọ sí ilé lọ́jọ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ pẹ́ ní láti mọ bí a ti ń wà papọ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìjà.

Kí Èmùrè-Ilé kí ó máa tẹ̀ síwájú. Kí ilé má bàjẹ́ lẹ́yìn àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀, kí ọ̀nà má sì dí mọ́ àwọn tí yóò padà wá sílé. Àmín.